Iṣẹ́ procurement lásìkò AI: ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe

Bí ẹ bá ń ra ọjà fún iléeṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, yálà fún yunifásítì ni o, fún ọsibítù, fún iléeṣẹ́ kòkó tàbí fún ìjọba ní Alágbàká, ó dájú pé ẹnì kan ti bi yín léèrè pé ṣé AI ò ní gba iṣẹ́ yìí báyìí. Èsì mi ni pé ó máa gba apá kan níbẹ̀, apá náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń lo ọjọ́ tán: títẹ LPO (ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń pàṣẹ ọjà), fífi kòtéṣọ̀n (ìwé iye tí oníṣòwò pe ọjà) mẹ́ta wéra, kíkọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe tó pẹ́ kó ọjà dé, títo ìròyìn oṣù jọ fún ọ̀gá àgbà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ, kó tètè gbọ́n. Ẹni tó mọ ọjà, tó mọ ẹni tó ń tà á, tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ìwé kó sì tún sùn dáadáa lóru, iye rẹ̀ máa gòkè ni.

Mo kọ àwọn ìgbésẹ̀ yìí fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tó ní kọ̀ǹpútà kan tàbí fóònù tó mọ́yán lórí, tí kò sì ní owó tó máa fi ra sọ́fítíwià ńláńlá. Wọn kò dọ́gba o. Ìkejì ló wúwo jù. Bí ẹ bá máa ṣe ẹyọ kan péré, òun ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀ àti àkókò tó gbà. Ẹ má kọ ọ́ lọ́nà tó máa dùn mọ́ ọ̀gá nínú. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ohun tó jẹ́ pé ìwé kan lẹ wò kí ẹ tó kọ ìwé mìíràn. Ìyẹn ni AI lè ṣe. Ẹ wá fi bírò búlúù sàmì sí ohun tó mú kí ẹ dìde lórí àga, tó mú kí ẹ pe èèyàn, tó mú kí ẹ fọwọ́ kan ọjà, tàbí tó mú kí ẹ sọ pé "kò ṣeé ṣe" fún ẹni tó jù yín lọ.

Pupa ló máa pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má sì rò pé dúnàádúrà kò lè bọ́ sínú pupa. Walmart, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti dán an wò ní Kánádà. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ AI bá oníṣòwò 89 dúnàádúrà lórí ohun tí ilé ìtajà náà fúnra rẹ̀ ń lò, kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń tà fún oníbàárà. Nínú ìròyìn tó jáde lórí rẹ̀ ní 2022, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló bá ẹ̀rọ náà fẹnu kò, ọjọ́ 11 ló ń gbà ní ìpíndọ́gba, ẹ̀dínwó tí iléeṣẹ́ náà rí sì jẹ́ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn oníṣòwò kéékèèké tí òṣìṣẹ́ kankan kò ráyè jókòó tì ni wọ́n kó fún ẹ̀rọ. Àwọn tí wọn kò gbà, èèyàn ló ṣì máa lọ bá wọn. Ibi tí iṣẹ́ ọ̀gá procurement ń lọ nìyẹn: ohun kékeré á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó le ló máa kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó iye owó ọjà tiyín jọ

ChatGPT, Gemini àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n ta dísẹ̀lì lọ́nà Ọ̀bà-Ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, iye tí ọkọ̀ ńlá gbà láti Èkó gba Òrè dé ọ̀dọ̀ yín, oníṣòwò tó ní ọjọ́ mẹ́ta tó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìyẹn kò sí níbẹ̀. Inú fáìlì yín ló wà, nínú káàdì tó ti pọ́n, nínú orí ọ̀gá sítóò tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ lórí iye tí wọ́n so náírà mọ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. Àwọn oníṣòwò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sí abẹ́ kòtéṣọ̀n pé iye náà kò kọjá ọ̀la. Ẹ̀rọ tó fi iye owó ọdún 2022 kọ́ ẹ̀kọ́, tí ẹ bá bi í léèrè pé èló ni tónà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á fi ìgboyà dá yín lóhùn. Ìgboyà yẹn gan-an ló léwu, torí kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín ní iye tó pè.

Ẹ ṣí Excel tàbí Google Sheets, kí ẹ fi ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ìràjà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìlà kan ni ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí LPO, orúkọ ọjà àti ìwọ̀n rẹ̀ gangan (kì í ṣe "páálí" lásán, ẹyọ mélòó ló wà nínú páálí?), iye ẹyọ kan, bóyá VAT wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀, ìlú tó ti wá, ọjọ́ tó yẹ kó dé, ọjọ́ tó dé ní tòótọ́, iye tó bàjẹ́ tàbí tí ẹ dá padà, àti iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí dà bí àṣejù lójú àwọn kan. Ẹ dúró kí agbaṣẹ́ṣe kan wá sọ pé "dọ́là ló fà á, sà" nígbà tí dọ́là ti wálẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó wúlò fún.

LPO àti SRV (ìwé tí sítóò fi ń gba ọjà wọlé) ọdún méjì tó kọjá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jókòó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya wọ́n ní fọ́tò, ẹ bo orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà àkáǹtì, kí ẹ wá ní kí AI ka ohun tó wà nínú fọ́tò náà sínú tábìlì. Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó sì tún mọ̀ ọ́n ṣì. Ọ̀kan àti méje tí wọ́n fi bírò kọ máa ń rú u lójú, òdo sì lè pọ̀ sí i tàbí kó dín. Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò méjì. Àkọ́kọ́, ẹ ro àpapọ̀ owó inú tábìlì, kí ẹ fi wé ti ìwé àkáǹtì oṣù náà. Bí wọn kò bá dọ́gba, àṣìṣe wà níbì kan. Èkejì, ẹ mú ìlà kan nínú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé gidi. Ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́, láti FUTA (yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́) tàbí Federal Poly Ilé-Olújì lè bá yín ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sì kọ́ ohun tó ju lílọ ra búrẹ́dì àti mínírà fún ọ́fíìsì lọ.

Nígbà tí ìlà bá ti tó igba, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Oníṣòwò wo ló pẹ́ jù? Ọjà wo la rà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún ní iye mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ pé a lè rà á lẹ́ẹ̀kan? Ta ló ń dínwó nínú kòtéṣọ̀n tó wá ń fi owó ọkọ̀ gbà á padà? Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá àgbà ló ń bi wá ní irú èyí, tí a ń sọ pé "ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, mà." Ẹni tó bá lè dáhùn lójú ìpàdé ti kúrò ní ipò akọ̀wé.

Ohun kan o: iléeṣẹ́ ló ni fáìlì náà. Bí ẹ bá ń lọ síbòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọgbọ́n tí ẹ fi kọ́ ọ ló máa bá yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí AI fi kòtéṣọ̀n wéra, kí ẹ wá tún un wò

Ká wò ó fínnífínní, torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Ká ní bébà A4 la fẹ́ rà, rímù 200. A ti kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi béèrè pé 80 gsm (ìwọ̀n tó ń sọ bí bébà ṣe nípọn tó) la fẹ́, kí wọ́n sì gbé e dé Àkúrẹ́. Kòtéṣọ̀n mẹ́ta dé. Ará Àkúrẹ́ pe rímù kan ní ₦8,000, VAT ti wà nínú rẹ̀, òun ló máa gbé e wá. Ará Ìbàdàn pe páálí kan, tí rímù márùn-ún wà nínú rẹ̀, ní ₦36,000. VAT kò sí níbẹ̀, òun náà ló máa gbé e wá. Ará Èkó pe páálí ní ₦35,500, VAT ti wà níbẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti máa lọ gbé e. Nísàlẹ̀ ìwé ti Èkó yìí, ní lẹ́tà wínníwínní, 70 gsm ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá kàn ju fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ tí ẹ ní "ta ló dínwó jù?", ó ṣeé ṣe kó ní ará Èkó ni, kó sì kọ àlàyé tó dùn ún kà tì í. Ẹ fún un ní iṣẹ́ báyìí:

"Fi kòtéṣọ̀n mẹ́ta yìí wéra. Sọ gbogbo iye di ti rímù kan. Fi VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀. Ohun tí a béèrè nìyí: rímù 200, 80 gsm, kó dé Àkúrẹ́. Tọ́ka sí gbogbo ibi tí ohun tí oníṣòwò kọ ti yàtọ̀ sí ohun tí a béèrè, kí o sì kọ ìlà tí o ti rí i. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kọ 'kò sí níbẹ̀'. Má fi àbá dí i."

Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ tó bá yá yín lára. Àwọn kòtéṣọ̀n náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kúkú fi kọ wọ́n. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má gbàgbé láé, torí AI kì í fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ yín ro ó. Àkúrẹ́: ₦1,600,000. Ìbàdàn: páálí 40 jẹ́ ₦1,440,000, VAT jẹ́ ₦108,000, àpapọ̀ ₦1,548,000. Èkó: ₦1,420,000, bí ọkọ̀ bá sì gba ₦90,000, ó di ₦1,510,000. Lójú owó nìkan, Èkó ló borí. Àmọ́ bébà tó fẹ́lẹ́ ju ohun tí a béèrè lọ ló fẹ́ tà fún wa, nítorí náà ó ti jáde. Ó ku Ìbàdàn pẹ̀lú Àkúrẹ́, ₦52,000 sì ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Ibí ni ìwé iye owó ìgbésẹ̀ kejì ti wúlò: tí ó bá hàn níbẹ̀ pé ará Ìbàdàn ti já yín kulẹ̀ rí nígbà ìdánwò, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tí bébà kò tíì dé, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìdí tí a kọ sílẹ̀, tó ní ọjọ́ nínú, yàtọ̀ sí "èmi mọ̀ wọ́n."

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀

Tẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń díje fún iṣẹ́, tí a kò tíì ṣí kò gbọ́dọ̀ kan AI rárá, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì èèyàn náà kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Nàìjíríà ti ní Òfin Ìdáàbòbò Détà láti 2023. Bí ẹ bá ń lo AI ọ̀fẹ́, ẹ wá ibi ìṣètò rẹ̀ kí ẹ pa àyè tí wọ́n fi ń kó ọ̀rọ̀ yín lọ kọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù níbí ni ti ẹni tó máa dáhùn. Public Procurement Act ti 2007, tó de iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bíi FUTA, sọ ọ́ ní abala 20 pé ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, tí òfin pè ní accounting officer, ló máa jíhìn fún ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn kò ṣe, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pé ó fi iṣẹ́ rán ẹlòmíràn kò yọ ọ́. Bí ọmọ ènìyàn tí a fi iṣẹ́ rán kò bá lè gbà wá sílẹ̀, ẹ̀rọ wo ló fẹ́ gbà wá? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òfin àti àjọ procurement tirẹ̀. Ẹ ka ìyẹn fúnra yín, ẹ má ní kí AI sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín.

Mo rí i pé AI máa ń dábàá ohun tó bọ́gbọ́n mu tó sì ta ko òfin. Bí ẹ bá sọ fún un pé iṣẹ́ kan ti kọjá iye tí ọ́fíìsì yín lè fọwọ́ sí, ó lè ní kí ẹ pín in sí méjì. Lábẹ́ òfin 2007 yẹn, pípín tẹ́ńdà kó lè bọ́ sábẹ́ ààlà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún márùn-ún, láìsí pé wọ́n á gba owó ìtanràn dípò, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin bá sì gba kòtéṣọ̀n dípò tẹ́ńdà, ó kéré tán, oníṣòwò mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan ni kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. AI kò mọ̀ pé ọkọ àti ìyàwó ló ni ilé-iṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò mọ̀.

Ẹ sì máa ṣọ́ àwọn tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún. Ní 2025, Deloitte, iléeṣẹ́ ńlá tó ń gbani nímọ̀ràn, dá apá kan owó padà fún ìjọba Ọsirélíà lórí ìròyìn kan tí iye rẹ̀ tó nǹkan bíi 440,000 dọ́là ìlú náà, torí pé àwọn ìtọ́kasí tí kò sí níbì kankan wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé AI wà lára ohun tí wọ́n lò. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ fi ìlà kan kún gbogbo ìwé àdéhùn iṣẹ́ ìwádìí àti ìmọ̀ràn: kí agbaṣẹ́ṣe sọ ibi tó ti lo AI, kí ó sì tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe lówó ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ padà sọ́jà

Wákàtí tí AI bá dá padà fún yín, ẹ má fi jókòó. Ẹ fi lọ wo àwọn tó ń kó ọjà fún yín. Lásìkò yìí tí ẹnikẹ́ni lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ìwé ìtàn iléeṣẹ́ tó rẹwà, pẹ̀lú àwòrán wíàháòsì àti òṣìṣẹ́ tí a kò bí sáyé, ojú yín níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí ibi ìwádìí CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé PenCom (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (owó ìdójútòfò òṣìṣẹ́) àti owó orí wà lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè. Ẹ má gba ẹ̀dà fọ́tò lásán gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má pè kí ẹ tó lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A ní ká yà kí yín. Sítóò yín dà?"

"Há, ẹ kú àbọ̀, sà. Ọjà ṣì wà lójú ọ̀nà láti Èkó ni."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká rí ibi tí ẹ máa ń kó o sí tó bá dé."

Èsì tí ẹ bá gbọ́ lẹ́yìn ìbéèrè yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Àìrìn jìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Jìbìtì ìyípadà àkáǹtì ni kí ẹ fi òfin tiyín dè. Bí lẹ́tà, ìmeèlì, ohùn orí fóònù tàbí fídíò bá ní kí ẹ san owó sí àkáǹtì tuntun, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì àtijọ́, ẹ má pe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lẹ́yìn tó ṣe ìpàdé orí fídíò pẹ̀lú àwọn tó rò pé ọ̀gá rẹ̀ ni. Gbogbo àwọn yòókù tó rí nínú ìpàdé náà, AI ló ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ náà ń bọ̀ níbí, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ ká sọ ọ́. BPP, àjọ tó ń bójú tó ìràjà ìjọba àpapọ̀, ní ojúlé NOCOPO tí wọ́n ń kó ìròyìn àdéhùn ìjọba àpapọ̀ sí, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú náà sì ní Budeshi, ojúlé tí wọ́n fi ń tọpa àdéhùn ìjọba. Ẹni tó bá fi AI wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè tètè rí i pé agbaṣẹ́ṣe kan náà ló ń borí ní gbogbo ìgbà, tí iye rẹ̀ kàn ń fi díẹ̀ dín sí ti ẹni kejì. Ìwé tó ti ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ látọjọ́ pípẹ́ á jí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yan ọjà kan tí ẹ máa mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ

Ẹni tó ń ra gbogbo nǹkan ni AI máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà kan dé gbòǹgbò máa ń rí iṣẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, kòkó ló wà níwájú lójú tèmi. Ìlànà 2023/1115 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé kòkó tó bá wọ ọjà wọn kò gbọ́dọ̀ ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, síbẹ̀ àwọn tó ń rà á ti ń béèrè fún ìwé. Oko kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì GPS, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi tó wà hàn. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí a yà. AI lè wo àwòrán sátẹ́láìtì kó sọ ibi tí igi ti wó ní igbó ọba Olúwa tàbí Àkúrẹ́-Ọ̀fọ̀sù. Kò lè mọ̀ pé ní wíàháòsì kan ní Oǹdó, àpò kòkó inú igbó ọba ti dà pọ̀ mọ́ ti oko bàbá àgbẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Awólọ́wọ̀. Ọ̀gá tó ń ra kòkó tó lè tọ ipa rẹ̀ láti oko dé wíàháòsì, tí àpò kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti wá, tí àwọn àgbẹ̀ sì fọkàn tán débi pé wọ́n jẹ́ kó rìn yí oko wọn ká pẹ̀lú fóònù, kò ní wá iṣẹ́ tì.

Ẹ̀ka ìlera náà tún wà. Ọsibítù pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, sì wà ní Oǹdó níbẹ̀. Ẹni tó mọ òògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù títí táá fi dé, tó mọ bí a ṣe ń yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò, tó sì mọ ẹ̀rọ tí kẹ́míkà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá mu, kì í ṣe ẹni tí a lè fi sọ́fítíwià rọ́pò.

Ẹ̀kẹta ni ríra AI fúnra rẹ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ ló máa rà á, díẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń rà á. Ẹ béèrè pé: dọ́là ni àbí náírà? Tí náírà bá já, ta ló máa gbé e? Níbo ni wọ́n ń tọ́jú détà wa, ṣé a lè kó o jáde tí a bá fẹ́ kúrò? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ? Èèyàn wo ni a máa pè, ṣé ó wà ní Nàìjíríà? Ẹ ní kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta dán an wò lórí ìwé tiyín, kì í ṣe lórí àpẹẹrẹ tí wọ́n gbé wá.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ẹ̀rí

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. CIPSMN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra ọjà fún iléeṣẹ́, ni òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2007 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ ṣe é. Ìwé ẹ̀rí CIPS, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ìlú Ọba, wọ́n, àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè máa ń béèrè rẹ̀. Yunifásítì Èkó wà lára mẹ́fà tí owó Báńkì Àgbáyé wọlé sí lábẹ́ ètò SPESSE láti kọ́ni ní procurement, ẹ̀kọ́ kúkúrú sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Fún ìmọ̀ détà, 3MTT, ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí owó bá mọ níwọ̀n, ìmọ̀ détà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́. Ìwé ẹ̀rí procurement láìmọ Excel kò ní pẹ́ tí kò fi ní wúlò mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ yín, àti ọ̀gá tó wà lókè

Ìṣòro kan wà tí mi ò tíì rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa níbí. Títẹ LPO àti fífi kòtéṣọ̀n wéra ni àwa fi kọ́ iṣẹ́. Bí AI bá gbà á, kí ni ọmọ tuntun máa fi kọ́ ọ? Àbá tèmi ni pé kí ẹ máa fún un ní tábìlì tí AI ṣe, kí ẹ ní kó wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí ẹ tó sọ èyí tí ẹ̀yin ti rí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó fọwọ́ ṣe ọ̀kan látòkèdélẹ̀. Ẹ sì mú un dání tí ẹ bá ń lọ sọ́jà, kó gbọ́ bí a ṣe ń ná ọjà láìjẹ́ pé a bú olówó.

Ní ti ọ̀gá, ẹ má lọ sọ fún un pé AI dára. Ẹ mú owó lọ bá a. "Sà, ọjà mẹ́rin yìí, iye tí a rà wọ́n lọ́dún tó kọjá nìyí, iye tí à bá rà wọ́n tó bá ṣe pé a pa wọ́n pọ̀ nìyí, ìwé rẹ̀ rèé." Gbólóhùn kan náà ló yẹ kó wà nínú CV yín, pẹ̀lú iye gidi, ẹ yọ "mo mọ Microsoft Word lò" kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti wo ìwé náà tán ni kí ẹ tó béèrè owó sọ́fítíwià tàbí ti ẹ̀kọ́. Kó sì jẹ́ kí wọ́n tó ti ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ pa o, torí lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, òótọ́ sì ni.